Báwo ni a ṣe lè kọ àlàyé ètò dátà halfedge kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọ ọ́ lè lò ó?

Akọ̀wé_ÒkèFìà béèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín. Àwa díẹ̀ ní Òṣogbo níbí ń kọ láíbúrárì kékeré kan ní C++ fún àwọn awọnlẹ̀ àti àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àwọn ojú àmì tí wọ́n wọ̀n lórí ilẹ̀, kí ó so wọ́n pọ̀ di ààlà, kí ó pín ilẹ̀ nígbà tí ẹbí bá fẹ́ pín in, kí ó sì sọ ẹni tó bá ẹni pààlà. Ètò dátà tí a yàn ni halfedge, èyí tó ń pín ẹ̀gbẹ́ ààlà kọ̀ọ̀kan sí méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀ tó wà ní apá kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bi wá jù ni ti ẹni tó wà ní òdìkejì ògiri, halfedge sì ń dáhùn rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo.

Kóòdù náà ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Àkọsílẹ̀ àlàyé rẹ̀ ni ó ń kọ mí lóminú. A fi Doxygen yọ ojú ìwé jáde láti inú kóòdù, gbogbo function ni ó sì ní gbólóhùn kan lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kà á tán, wọn kò rí nǹkan kan fi kọ. Ohun tó wà lábẹ́ next() ni pé "ó ń dá next padà", ohun tó wà lábẹ́ face() ni pé "ó ń dá face padà." Ẹni tó ti mọ halfedge tẹ́lẹ̀ nìkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yé, òun náà kò sì nílò rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó: níbo ni ó yẹ kí irú àlàyé yìí ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni ó ṣe yẹ kí a ṣí inú ètò náà sílẹ̀ tó fún ẹni tó fẹ́ lò ó? Ṣé inú kóòdù ni kí gbogbo àlàyé wà, àbí kí a kọ ìwé ìtọ́sọ́nà mìíràn lọ́tọ̀?

Ọmọ_Ìgbọ̀nà dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ibi tó ti ń ṣòro fún yín yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àlàyé ètò dátà ti máa ń ṣòro, nítorí pé àwọn function ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé. Èmi yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn òfin tí kì í yẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ kí ènìyàn tó pe function èyíkéyìí, tí wọ́n sì tún gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ lẹ́yìn tó bá pè é tán. Nígbà tí àwọn òfin wọ̀nyẹn bá ti já gaara, gbólóhùn kan tó kúrú yóò tó lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ function.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú wọn. Nínú ètò yìí, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, ọ̀kan ń lọ, ìkejì ń bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mọ orígun kan. Orígun wo ni? Nínú ètò tí a mọ̀ sí DCEL (doubly connected edge list), tí òun náà ń pín ẹ̀gbẹ́ sí méjì báyìí, èyí tí Muller àti Preparata gbé jáde ní 1978, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nínú ìwé ẹ̀kọ́ lónìí, orígun tí halfedge ti ń bọ̀ ni ó máa ń tọ́jú. Nínú CGAL, láíbúrárì C++ ńlá kan fún ìṣirò jiọ́mẹ́tírì, orígun tí ó forí lé ni vertex() ń dá padà. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kọ́ ti àkọ́kọ́ nílé ìwé, tó wá ń lo láíbúrárì tó tẹ̀lé ti èkejì, tí kò sì sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó là á lọ́yẹ̀. Bí ó bá ṣírò bí ilẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó, èsì rẹ̀ yóò pé pérépéré, nítorí pé ibi yòówù tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí yí ààlà po, iye kan náà ni yóò bá bọ̀. Nígbà tó bá wá fẹ́ kọ gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí àwòrán, gígùn ẹ̀gbẹ́ kan yóò bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ 50 sí 100, 100 yóò wà níbi tó yẹ kí 50 wà. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣirò ti àkọ́kọ́ ti pé, kò ní fura sí òye tirẹ̀. Kóòdù yín ni yóò máa fura sí.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: orígun tí halfedge ń tọ́jú, ọwọ́ tí ojú rẹ̀ (face, ìyẹn àyè ilẹ̀ tí ààlà yí ká) wà, òsì tàbí ọ̀tún, pé opposite (ìkejì rẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ kan náà) ti opposite ni halfedge náà fúnra rẹ̀, pé ibi tí halfedge kan parí sí ni next rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tó bá ń tẹ̀lé next lọ yóò padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ láìkúrò lójú kan náà. Kí ẹ sì sọ ohun tí face() ń dá padà fún halfedge tó wà ní ìta pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń há.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya àwòrán kan ṣoṣo, kí ẹ sì ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tí a fi ìlà kan dá sí méjì láàárín, tí apá kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ 50 sí 50. Orígun rẹ̀ jẹ́ 6, nítorí pé ìlà àárín dá orígun tuntun kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 7. Ojú rẹ̀ jẹ́ 3 tí a bá ka ìta mọ́ ọn, òfin Euler, pé orígun, ẹ a yọ ẹ̀gbẹ́ kúrò, ẹ a fi ojú kún un, yóò jẹ́ 2, sì dúró: 6 − 7 + 3 = 2. Halfedge rẹ̀ jẹ́ 14: 4 yí apá kìíní ká, 4 yí apá kejì ká, 6 tó kù wà ní ìta. Bí ti inú bá ń lọ ní òdì sí ìyípo ọwọ́ aago, àwọn 6 tó wà ní ìta yóò máa bá ọwọ́ aago lọ, ó sì yẹ kí ọfà orí àwòrán fi èyí hàn. Ẹni tó bá fi ìka tọ àwọn 14 náà lọ́kọ̀ọ̀kan ti mọ ètò dátà yín ju ẹni tó ka orúkọ gbogbo function lọ.

Awọnlẹ̀_Alẹ́kúwodò dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni èmi ń ṣe, mo sì ń kọ kóòdù díẹ̀díẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ kí Akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kún un, torí àlàyé tó bá sọ bí orígun ṣe so pọ̀, tí kò sọ irú nọ́ńbà tí orígun náà fi ń tọ́jú ipò rẹ̀, kò tíì tó fún wa rárá.

Òṣogbo wà ní agbègbè 31 ti àríwá nínú UTM, ètò tí àwa awọnlẹ̀ fi ń sọ ipò ní mítà. Nọ́ńbà tí a máa ń rí lórí irinṣẹ́ níbí máa ń wà ní nǹkan bíi mítà 670,000 ní ti ìlà-oòrùn àti 860,000 ní ti àríwá. Bí ètò dátà yín bá fi float, irú nọ́ńbà onídẹ́símà tó kéré jù double lọ ní C++, tọ́jú wọn, gbogbo nọ́ńbà tó wà láàárín 524,288 àti 1,048,576 ń fò ní sẹ̀ǹtímítà 6.25, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún mítà. Kò sí ohun tó lè dúró sáàárín ìṣísẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé òpó ààlà sí ibì kan, láíbúrárì lè gbé e sún ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta láìsọ fún un. Bí ó bá jẹ́ double, àlàfo náà kéré débi pé irinṣẹ́ wa kò lè rí i. Gbólóhùn kan lásán ni ó gbà láti sọ èwo ni, kí ó sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé kí ẹ ya ohun tí láíbúrárì ń pinnu sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń ṣírò. Láti mọ̀ bóyá ojú àmì kan wà lápá òsì ìlà tàbí lápá ọ̀tún rẹ̀, àmì ìròpọ̀ tàbí àmì ìyọkúrò nìkan ni a ń wá nínú ìṣirò. Nígbà tí ojú àmì mẹ́ta bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tò sórí ìlà kan náà, bí ó ti máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà gígùn tàbí nígbà tí a bá wọn ojú àmì tó sún mọ́ra gan-an létí odò Ọ̀ṣun, double pàápàá lè fún wa ní àmì tí kò tọ̀nà. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Shewchuk, gbé ọ̀nà kan jáde ní 1997 tó máa ń kọ́kọ́ ṣírò kíákíá, tí kì í sì í lọ sí ìṣirò tó jinlẹ̀ àfi bí àmì náà bá ṣì ń ṣe iyèméjì. Nínú CGAL, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n pè ní Exact_predicates_inexact_constructions_kernel. Orúkọ náà gùn, mo sì fẹ́ràn pé ó gùn, nítorí pé ó ti jẹ́ àlàyé fúnra rẹ̀: ìpinnu péye, ṣùgbọ́n ojú àmì tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò lè má péye tán.

Ẹ sọ èyí fún àwọn òǹkàwé yín láìfi pamọ́. Bí ẹnì kan bá fi ìlà pín ilẹ̀, tó sì bi láíbúrárì léèrè bóyá orígun tuntun náà wà lórí ìlà tó fi pín in, ìdáhùn lè jẹ́ rárá. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún tẹ́lẹ̀ kò ní gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sínú kóòdù rẹ̀; orí bí orígun ṣe so pọ̀ ni yóò ti wá ìdáhùn.

Kí n tó gbàgbé, ẹ kọ ọ̀nà tí ààlà ń gbà yí. GeoJSON àti shapefile jẹ́ irú fáìlì méjì tí wọ́n fi ń gbé àwòrán ilẹ̀ kiri. Ìlànà GeoJSON ti 2016, RFC 7946, ní kí ààlà ìta máa lọ ní òdì sí ìyípo ọwọ́ aago, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì shapefile ń fẹ́ kí ó bá ọwọ́ aago lọ. Àwọn oníbàárà yín yóò mú irú méjèèjì wá.

Akọ̀wé_ÒkèFìà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Double ni a ń lò, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan; màá kọ ọ́ síbẹ̀ lónìí. Ohun tó ṣì ń rú mi lójú ni ti inú ètò náà. Nọ́ńbà lásán ni a fi ń tọ́ka sí orígun àti ojú nínú láíbúrárì wa, a kò lo pointer. Ṣé ó yẹ kí òǹlò mọ èyí, àbí kí a bò ó mọ́ra kí a lè yí i padà lọ́jọ́ iwájú?

Kóòdù_Ayétòrò dáhùn:

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìlànà tí èmi ń tẹ̀lé ni pé ohunkóhun tí òǹlò lè gbára lé, tó sì lè bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ wà nínú àlàyé. Ohun tí kò lè kàn án, ẹ bò ó. Bí ẹ ṣe to àwọn nǹkan sínú struct kò kàn án. Bí ó ṣe ń pẹ́ tó láti rí halfedge tó ṣáájú kàn án, nítorí pé bí ẹ kò bá tọ́jú prev, ẹ ní láti yí ojú náà po tán kí ẹ tó rí i, lórí ilẹ̀ tó ní orígun ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnì kan yóò sì jókòó máa wo aago. HalfedgeDS ti CGAL tilẹ̀ jẹ́ kí òǹlò fúnra rẹ̀ yàn bóyá òun fẹ́ prev tàbí òun kò fẹ́, àlàyé rẹ̀ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ti nọ́ńbà tí ẹ fi ń tọ́ka yẹn ló wá ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ wo bí Surface_mesh ti CGAL ṣe ṣe é: nọ́ńbà ni òun náà ń lò. Nígbà tí ènìyàn bá yọ nǹkan kúrò, wọn kàn ń sàmì sí i pé a ti yọ ọ́ ni. Ìgbà tí a bá pe collect_garbage() ni wọ́n tó kó o kúrò lóòótọ́, ìgbà yẹn sì ni nọ́ńbà àwọn tó kù lè yí padà. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wá sí Òṣogbo. Oníbàárà yín ní tábìlì kan tó kọ nọ́ńbà ojú ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó kọ orúkọ onílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n da ilẹ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan, láíbúrárì palẹ̀ mọ́, nọ́ńbà yí padà, tábìlì rẹ̀ kò mọ̀. Orúkọ ẹnì kan ti bọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ilẹ̀ sì ni, gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ láàárín ẹbí. Nítorí náà, lábẹ́ gbogbo function tó bá ń yí ètò náà padà, ẹ kọ ohun mẹ́ta: ohun tó kú, ohun tó yí nọ́ńbà padà, àti ohun tó dúró bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ so orúkọ mọ́ ilẹ̀, ẹ fi ọ̀nà tí láíbúrárì fúnra rẹ̀ yóò fi máa gbé orúkọ náà kiri hàn án.

Mo fẹ́ kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣàlàyé split_edge nínú CGAL, nítorí pé ó kúrú, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n sọ pé ó ń fi orígun tuntun dá halfedge h sí méjì, pé halfedge tuntun tó forí lé orígun tuntun náà ni ó ń dá padà, àti pé h àtijọ́ ni next rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìyẹn mọ èwo ni tuntun, èwo ni àtijọ́, àti èwo ló ṣáájú, láìṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kóòdù wò.

Ní ti ìwé méjì tàbí ọ̀kan, ẹ ṣe méjèèjì. Iṣẹ́ CGAL tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996 ṣì ya ìwé ìtọ́sọ́nà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé atọ́ka títí di òní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ènìyàn ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìkejì ni ó ń ṣí nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Kí ìwé atọ́ka má ṣe gbójú lé ìwé ìtọ́sọ́nà jù ṣá. Fún àpẹẹrẹ, CGAL máa ń fi orígun àìlópin kan kún Triangulation_2, apá rẹ̀ tó ń so ojú àmì pọ̀ di onígun mẹ́ta, kí gbogbo ojú, títí kan ti ìta, lè jẹ́ onígun mẹ́ta. number_of_vertices() ti Triangulation_2 kì í ka orígun yẹn, ṣùgbọ́n ti ètò dátà tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà gan-an, ń kà á mọ́ ọn. Ọ̀kan fi ọ̀kan ju èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré nínú ìwé atọ́ka, pé àwọn orígun tó lópin nìkan ni a kà, ni ó yanjú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kóòdù yín, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú àlàyé pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì tirẹ̀ tí ẹ ń kọ́mpáìlì nígbàkigbà tí ẹ bá yí nǹkan padà, kí ẹ sì lo àṣẹ snippet ti Doxygen láti fà á wọlé. Bí ẹnì kan bá yí orúkọ function padà, àpẹẹrẹ náà yóò kọ̀ láti kọ́mpáìlì kí òǹkàwé tó rí i.

Akọ̀wé_ÒkèFìà:

Mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ti kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ dákun, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. A ti yí orúkọ vertex() padà sí target() kí orúkọ náà lè sọ ohun tó ń ṣe.

"Àwòrán ilẹ̀ jẹ́ àkójọ orígun, halfedge àti ojú. Double ni a fi ń tọ́jú ipò orígun, ní mítà. Orígun tí halfedge forí lé ni target() ń dá padà. Orígun tí ó ti ń bọ̀ ni target() ti opposite() rẹ̀. Ojú tí face() ń dá padà wà ní ọwọ́ òsì ẹni tó bá ń rìn láti ibi tí halfedge ti ń bọ̀ lọ síbi tó forí lé. Halfedge tó wà ní ìta kò ní ojú, is_border() sì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún un. Next() rẹ̀ ń gbé ènìyàn yí ìta ilẹ̀ ká. Nọ́ńbà orígun, halfedge àti ojú kì í yí padà àfi nígbà tí a bá pe compact() láti palẹ̀ mọ́, lẹ́yìn èyí tí kò sí nọ́ńbà àtijọ́ kan tí ènìyàn lè gbára lé."

Ọmọ_Ìgbọ̀nà dáhùn:

Èyí dára gan-an, àbúrò mi, pàápàá gbólóhùn ẹ̀yìn yẹn. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mi ò rí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré. Bí ilẹ̀ ẹnì kan bá wà láàárín ilẹ̀ ẹlòmíràn pátápátá, tí kò kan ààlà ìta níbì kankan, kí ni ó máa ṣẹlẹ̀? Ní Òṣogbo níbí, irú rẹ̀ wà: agbo ilé tí wọ́n kò tà nígbà tí wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Ojú ilẹ̀ ńlá yẹn ní ààlà méjì tí kò so pọ̀, bí ènìyàn bá sì ń tẹ̀lé next() lórí ààlà ìta, kò ní dé ti inú láéláé. DCEL inú ìwé ẹ̀kọ́ yanjú rẹ̀ nípa jíjẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan tọ́jú halfedge kan fún ààlà ìta rẹ̀ àti ọ̀kan fún ihò kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò halfedge tí wọ́n ṣe fún ojú àwòrán onígun mẹ́ta kò ní irú rẹ̀ rárá. Èwo ni tiyín? Kí ẹ tún sọ bóyá orígun tó dá wà, tí halfedge kankan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lè wà nínú àwòrán yín.

Akọ̀wé_ÒkèFìà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kóòdù wa kò gba ihò. Bí wọ́n bá fún un ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń ka àwọn méjèèjì sí ojú tó dá dúró, ó sì ń ka àyè agbo ilé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Títí a ó fi fi àkójọ ààlà inú kún ojú kọ̀ọ̀kan, mo ti kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ kejì pé ojú kan gbọ́dọ̀ ní ààlà kan ṣoṣo, mo sì ti jẹ́ kí is_valid() dá ilẹ̀ tó bá rú òfin yìí padà pẹ̀lú àlàyé ìdí rẹ̀. Orígun tó dá wà ni a gbà, nítorí òpó ìwọ̀n tí kì í ṣe ti ààlà ẹnikẹ́ni. Halfedge() rẹ̀ yóò dá òfìfo padà, mo sì ti kọ ìyẹn náà sábẹ́ rẹ̀. Lọ́la ni màá fi àwòrán ilẹ̀ 50 sí 100 pẹ̀lú ọfà 14 náà síbẹ̀.